Ìfẹ́ Kì Í Ṣe Àáró

Ọpẹ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá kí n tó sọ ohunkóhun. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fẹ́ràn mi nígbà tí mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gba ìfẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Mo dúpẹ́ nítorí ẹsẹ̀ tó dá tó sì tún so, mo dúpẹ́ nítorí ìyá àwọn ọmọ mi, mo sì dúpẹ́ nítorí àwọn èèyàn Ọ̀sì, ìlú wa, tí wọn kò ka ọ̀rọ̀ ẹnu mi sí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kò mọ́gbọ́n wá.

Mo rántí ìgbà tí èbù iṣu mi wà nílẹ̀ lábẹ́ ahéré, tí òjò àkọ́rọ̀ ti dé, tí ilẹ̀ ti rọ̀, tí gbogbo àgbẹ̀ sì ti wọ oko lọ kọ ebè, àmọ́ tí èmi jókòó sílé bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Mo ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Èmi àti ìyàwó mi kò tíì pẹ́ tí a fẹ́ ara wa, oyún àkọ́bí wa sì ti wọ oṣù kẹjọ. Yàtọ̀ sí èbù yẹn, a kò ní nǹkan mìíràn tí a lè gbójú lé. Òun ni oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀, inú rẹ̀ náà ni a ó ti tà ra aṣọ ọmọ. Èbù kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a kò bá tètè fi í sínú ebè, yóò jẹrà níbi tó wà.

Ní agbègbè wa, àgbẹ̀ tí kò lágbára láti gba lébìrà a máa wá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àáró. Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe tiwa. Gbogbo wa á ya oko tèmi lónìí, a ó ya oko olórí akọrin ìjọ wa lọ́la, lọ́túnla a ó wà lóko aládùúgbò mi tó jẹ́ Mùsùlùmí, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa yí i ká. Ọjọ́ tí o bá gbà lọ́wọ́ ẹnì kejì, ọjọ́ náà ni wàá dá padà fún un. Bàbá mi máa ń sọ pé ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, kí ó má ṣe bá òun jẹun nínú àwo kan náà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ràn àáró ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé mo lágbára, ọkọ́ mi mú, inú mi sì máa ń dùn bí mo bá ti parí poro tèmi tí àwọn yòókù ṣì wà láàárín. Ọwọ́ tó ń fúnni ló ń wà lókè, mo sì fẹ́ kí ọwọ́ mi máa wà lókè ní gbogbo ìgbà.

Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín lónìí ni pé èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè mí ní Tíṣà. Kò sí ẹ̀kọ́ tí mo mọ̀ ọ́n kọ́ tó ẹ̀kọ́ ìfẹ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé Ọlọ́run fún wa ní ohun tí a kò lè san padà láéláé, àwọn ọmọ á sì fi ohùn kan dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà!" Mo rò pé àwọn ọmọ náà nìkan ni ọ̀rọ̀ yẹn wà fún.

Ọjọ́ tí mo ń bọ̀ láti Ararọ̀mí-Ọ̀pin ni ọ̀kadà tó gbé mi yọ̀ nínú ẹrẹ̀, tó sì wó lé mi lẹ́sẹ̀. Egungun ojúgun mi dá. Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó mọ egungun tò. Ó tò ó, ó fi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ dì í yí ká láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ní bí mo bá fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ kí òun tó ní kí n tẹ̀ ẹ́, kí n má pe òun mọ́. Mo wá di ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń kí àwọn tó ń lọ sóko.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, àwọn tí a jọ ń ṣe àáró wá kí mi. Olórí akọrin kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Tíṣà, lọ́la a ó lọ kọ ebè rẹ."

Mo ní, "Rárá o. Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mi ò lè dá a padà fún yín lọ́dún yìí. Ẹ̀yin náà rí ẹsẹ̀ mi."

"Ta ló ní kí o dá a padà?"

"Àáró ni àáró ń jẹ́. Mi ò fẹ́ kí ọjọ́ ẹnikẹ́ni wà lọ́rùn mi."

Aládùúgbò mi tó jẹ́ Mùsùlùmí bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èbù rẹ̀ jẹrà. Bó bá dìgbà tí àwa ń gún iyán titun, òun á máa fi ẹsẹ Bíbélì jẹ ọbẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Mo wá gbàdúrà fún wọn. Àdúrà náà gùn, ó sì dùn. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ó bù kún wọn fún èrò rere tí wọ́n ní, lẹ́yìn náà ni mo ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Nígbà tí ìyàwó mi gbé oúnjẹ alẹ́ wá, ó dúró lórí mi.

"Tíṣà, ṣé ìgbéraga ṣeé gún níyán ni?"

"Kì í ṣe ìgbéraga. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn."

"Ó dáa. Bí ẹ kò bá jẹ́ kí àwọn èèyàn kọ ebè yẹn, èmi fúnra mi á lọ kọ ọ́."

Mo rò pé inú ló ń bí i. Mo jẹun, mo sì sùn.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ti mọ́ kí n tó jí, ìyàwó mi kò sì sí nílé. Mo pè é títí, kò dáhùn. Mo bojú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ọkọ́ mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìyá àgbà tó ń gbé ilé kejì ni mo bi léèrè láti ojú fèrèsé.

Ó ní, "Ìyàwó rẹ? Ó ti kọjá tipẹ́. Ó gbé ọkọ́ léjìká, ó gbé apẹ̀rẹ̀ lérí. Mo kí i, ó ní oko ni òun ń lọ."

Mo rí i lójú inú, pẹ̀lú ikùn tó wà níwájú rẹ̀, tó tẹ̀ ba sórí ilẹ̀, tó ń kó yẹ̀pẹ̀ jọ nínú oòrùn. Obìnrin kan ní ìlú kejì ti ṣe irú rẹ̀ rí, tí oyún fi bà jẹ́ lára rẹ̀, gbogbo wa ló sì mọ ìtàn náà. Mo wọ́ ara mi dé ẹnu ọ̀nà lórí ìdí. Mo gbìyànjú láti dìde, ògiri ni mo dì mú, orí mi yí, mo tún jókòó. Mo gbàdúrà, ṣùgbọ́n àdúrà yẹn kò dùn, kò sì gùn. Ohun tí mo ń sọ kò ju pé, "Olúwa, jọ̀wọ́, rán ẹnì kan."

Ta ni mo wá rí? Aládùúgbò mi, ẹni tí mo lé lọ pẹ̀lú àdúrà, ló ń bọ̀ lórí ọ̀kadà rẹ̀ láti ọ̀nà oko. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké kí ó tó dúró.

"Ọ̀rẹ́ mi, gbà mí! Ìyàwó mi ti lọ kọ ebè. Lọ dá a dúró. Pe olórí akọrin, pe gbogbo wọn. Ẹ wá kọ ọ́. Mo ti gbà!"

Ó paná ọ̀kadà. Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀. "Kí lo ti gbà?"

"Mo ti gbà pé kí ẹ ràn mí lọ́wọ́. Mi ò ní ohun tí n ó fi san án. Mi ò mọ ìgbà tí n ó ní in. Ẹ ṣáà bá mi gba ìyàwó mi sílẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mi ò lè lọ báyìí. Ìyàwó rẹ náà ló rán mi wá. Ó ní kí n bá òun mú iyọ̀ nínú agolo tó wà lẹ́bàá ààrò."

Mo la ẹnu sílẹ̀. "Iyọ̀? Kí ni wọ́n ń fi iyọ̀ ṣe nídìí ebè?"

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọwọ́ ọ̀kadà mú kí ó má baà ṣubú. Ó ní, "Wọ́n ń fi í se ẹ̀wà, Tíṣà! Ìyàwó rẹ kò fọwọ́ kan ọkọ́. Oúnjẹ ló ń sè fún wa. Láti ìdájí la ti wà lóko rẹ. Wá gun ọ̀kadà, kí o lọ fi ojú ara rẹ rí i, torí mo mọ̀ pé o kò ní gbà mí gbọ́."

Ó mú iyọ̀, ó gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà, ó rọra ń wà á bí ẹni tó ru ẹyin. Ẹsẹ̀ mi tí wọ́n dì nà síta gbọọrọ bí ìbọn ọdẹ. Bí a ti ń kọjá ni àwọn obìnrin tó ń lọ pọnmi ń ké sí mi pé, "Tíṣà, ta lẹ fẹ́ yìnbọn fún?" Mo ń sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Mo bi ọ̀rẹ́ mi lójú ọ̀nà pé ìjọ mi ni àwọn yòókù, kí ló wá mú òun wá. Ó ní, "Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń jẹ iyán ni?"

Nígbà tí a dé ẹ̀bá oko, mo rí wọn. Olórí akọrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú akọrin rẹ̀, àwọn ọkùnrin ìjọ, àti àwọn èèyàn ilé aládùúgbò mi. Bàbá ìjọ wa, arúgbó tó ti fi ọkọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ tipẹ́, ti bọ́ ẹ̀wù, irun àyà rẹ̀ funfun, ó sì ń kọ ebè díẹ̀díẹ̀ ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ebè ti dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́, dúdú, tútù. Ìyàwó mi jókòó lábẹ́ igi irúgbá, ó ń ro ẹ̀wà nínú ìkòkò.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Oúnjẹ kò ní pẹ́ jinná."

Mo ní, "Ta ló pè wọ́n? Ṣebí mo ti kọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ kọ̀. Èmi kò kọ̀. Alẹ́ àná ni mo lọ bá ìyàwó olórí akọrin."

"Ìwọ lo sì gbé ọkọ́."

"Ọkọ́ yín ló mú jù. Mo wá yá wọn ni."

Gbogbo oko bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé mi jókòó lábẹ́ igi. Bí mo ti jókòó ni ìtìjú bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi, mo sì na ọwọ́ mú ọ̀bẹ kan tó wà nítòsí, mo fa èbù díẹ̀ mọ́ra, mo fẹ́ máa gé e, kí n lè ṣe ohun kan kí oúnjẹ tó dé. Bàbá ìjọ rí mi. Ó fi ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó rìn wá, ó rọra gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Ọmọ mi, fi èyí sílẹ̀. Jíjẹ ni iṣẹ́ tìrẹ lónìí."

Mo ní, "Bàbá, mi ò ṣe nǹkan kan."

"A mọ̀. Jẹun."

Ìyàwó mi bu ẹ̀wà àti iṣu sísun fún mi, ó da epo lé e. Mo jẹ ẹ́ lójú gbogbo wọn, nínú oko tí mi ò fi ọwọ́ kàn. Ó ṣòro fún mi láti gbé òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni ó lọ, ohun kan tí ó ti wúwo lórí mi láti ìgbà ọmọdé sì bá a lọ. Mi ò mọ̀ pé mo rù ú àfi ìgbà tó bọ́ sílẹ̀. Mo sùn lábẹ́ igi yẹn. Nígbà tí mo jí, wọ́n ti ń kó èbù sínú ebè.

Ìyàwó mi bí ọmọbìnrin kan ní àlàáfíà kí iṣu tó gbé ewé sókè dáadáa. Ẹsẹ̀ mi san. Lọ́jọ́ tí bàbá tó tò ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ọkọ́ ni mo mú, oko aládùúgbò mi ni mo gbà lọ, mo ní mo wá san ọjọ́ rẹ̀ fún un. Ó wò mí, ó ní, "Tíṣà, bó bá jẹ́ pé o wá bá mi ṣiṣẹ́, ọ̀nà nìyí. Bó bá jẹ́ pé o wá san nǹkan, máa lọ sílé." Mo rò ó, mo sì bá a ṣiṣẹ́.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ nísinsìnyí. Àwọn ọ̀dọ́ púpọ̀ ti gba Ìlọrin lọ, àwọn tó kù sì ń lo oògùn apakoríko, àáró kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ mọ́ láàárín wa. Mo ṣàárò rẹ̀, nítorí nǹkan dáadáa ni láàárín àwọn tí ara wọn le. Ṣùgbọ́n mo wá rí i pé àáró ni mo ti ń bá Ọlọ́run ṣe ní gbogbo ìgbà yẹn. Bí mo bá gbààwẹ̀, mo máa ń wo ọ̀nà kí ó wá ṣe oko tèmi. Bí mo bá kùnà, mo máa ń sá fún un, torí mo rò pé mo jẹ ẹ́ ní ọjọ́ kan. Mo ń wàásù àgbélébùú fún àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n mo ń wá bí n ó ṣe dá a padà. Kò ṣeé dá padà. Ẹni tó ṣe é kò retí kí a dá a padà. Ó fẹ́ kí a jókòó, kí a jẹun, kí a sì dìde lọ síbi tí ẹlòmíràn gbé wà nínú ìṣòro, láìka ọjọ́.

Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ohùn mi kò lọ sókè tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́ nígbà tí mo bá dé orí ẹ̀kọ́ ìfẹ́, mo sì kọ́kọ́ máa ń sọ ọ́ fún ara mi kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ yín bà jẹ́ nílẹ̀. Yóò fún yín ní agbára láti ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, yóò sì fún yín ní ìrẹ̀lẹ̀ láti gba ìrànlọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ìtìjú bá sì mú yín sọ pé rárá, kí ó rán àwọn èèyàn tí kò ní ka rárá yín sí wá bá yín. Àmín.