Iyùn Tí Ọkọ Mi Fi Sílẹ̀

Nígbà tí ọkọ mi kó lọ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ tuntun ní Àjàṣẹ́, ó kó aṣọ, ó kó tẹlifíṣọ̀n, ó sì fi àpótí dígí ńlá kan tó kún fún omi iyọ̀ sílẹ̀ ní pálọ̀ wa ní Ìfọ̀nyìn. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló fi ta á lọ́rẹ. Ẹja wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n iyùn gan-an lèèyàn ń wò: iyùn alààyè, ẹ̀dá inú òkun tó yọ ẹ̀ka lórí òkúta bí igi.

“Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú,” ó ní, bó ti ń jáde lọ. “Kò ní pẹ́ kú. Kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju lílọ rẹ̀ lọ. Mo búra pé iyùn náà kò ní kú. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó máa dàgbà, kí ẹnikẹ́ni tó bá ti Àjàṣẹ́ wá kí wa lè máa ròyìn rẹ̀ fún ọkọ mi.

Orí fóònù ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, nínú fídíò àwọn elédè Faransé, lẹ́yìn tí mo bá ti ti ìsọ̀ aṣọ mi. Egungun ni iyùn ń mọ, kálísíọ̀mù ló sì fi ń mọ ọ́n. Ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù nìkan kò tó. Omi náà gbọ́dọ̀ ní agbára tí kì í jẹ́ kó kan. KH ni wọ́n ń pe ìyẹn. Iyùn ń lo méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀kan bá tán, asán ni èkejì. Bíkábónáàtì tí àwọn aṣebúrẹ́dì ń rà ni mo fi ń gbé KH ró. Nígbà tí mo kọ́kọ́ da òun àti kálísíọ̀mù pọ̀ lójú kan náà, ńṣe ni omi funfun bí ògì. Látìgbà náà, mò ń da ọ̀kan láàárọ̀, mò ń da èkejì nírọ̀lẹ́.

Ìbínú ló ń jí mi. Bí mo bá ń kán oògùn àyẹ̀wò sínú ìgò kékeré, tí àwọ̀ omi ń yí padà, ojú ọkọ mi ni mò ń rí níbẹ̀.

Iyùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara dígí nígbà tí ọkọ mi fúnra rẹ̀ yọjú. Ó dúró níwájú àpótí náà, ó ń wo ẹ̀ka iyùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun náà ti ra òmíràn sílé Àjàṣẹ́. Ó wá yọ ìgò omi kan nínú báàgì.

“Ìyá àwọn ọmọ, tèmi ń funfun láti ìdí. Bá mi wo omi yìí. Mò ń da kálísíọ̀mù sí i lójoojúmọ́.”

Mo fún un lómi mu, mo ní kó jókòó. Mo yẹ omi rẹ̀ wò. Kálísíọ̀mù ti pọ̀ jù. KH ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Bíkábónáàtì tí ì bá gba iyùn rẹ̀ là wà nínú ike ní kíṣíìnì mi.

“Kálísíọ̀mù yín pọ̀ dáadáa,” mo ní. Irọ́ kọ́.

“Bọ́n, ó dára. Ṣé kí n máa bá a lọ?”

“Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ọkùnrin ni.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ náà dùn létí mi.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ìyá ọkọ mi ti ìlú Tchaada wá, tó sọ pé gbogbo iyùn ọmọ òun ti kú, àti pé òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí ìyàwó tuntun gbádùn ilé. Mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá.” Mo gbé oúnjẹ fún wọn, èmi náà sì jẹun yó lọ́jọ́ yẹn.

Níbi ìkómọjáde ọmọ tí àkọ́bí wa obìnrin bí, ọkọ mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Lọ́jọ́ tí o wo omi mi, ṣé o mọ ohun tó ń ṣe é?”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

“O ò sì sọ fún mi.”

“Mi ò sọ.”

Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Ọmọ wa wá ké sí wa pé ká wá ya fọ́tò. A dúró, ó wà lọ́tùn-ún, mo wà lósì, ọmọ tuntun wà láàárín wa. Mo rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń yà wá. Títí dòní, mi ò kábàámọ̀.