Oògùn Ibà Tí Wọ́n So Okùn Mọ́ Bí Ọta Ìbọn

Bàbá Evaristo Kalufele kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ibà ló pa á. Oògùn ibà sì wà ní ogójì ìṣísẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, nínú àpótí tó fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, torí kò sẹ́ni tó lè ròyìn Bàbá láìrẹ́rìn-ín. Látìgbà tí ogun ti parí ló ti ń hú àpótí ọta jáde nínú kòtò àwọn sójà. Tó bá rí ọ̀kan, ijó dé! Á gbé e rù, á máa jó bọ̀ láti etí odò. "Ẹ yà fún ìyàwó mi o! Arẹwà tó dógùn-ún!"

Ìyá Domingas, ìyàwó rẹ̀ gan-an, á dáhùn látinú ilé ìdáná: "Ẹ jẹ́ kó bá yín ro òkèlè fúnjì alẹ́!"

Bàbá á fi yanrìn ha àpótí náà, á fi epo pa ìkọ́ rẹ̀, á pààrọ̀ rọ́bà etí ìdérí, á wá rì í sómi fún ọjọ́ kan gbáko. Bí ẹ̀kán omi kan bá wọlé, kò ní í tà á. Àmọ́ kò jẹ́ fi ọ̀dà bo lẹ́tà ofeefee tí àwọn sójà kọ sí i láé. "Ta ní ń pa orúkọ ọmọ olọ́mọ rẹ́?" Gbogbo ìyàwó ládùúgbò wa ló fi àpótí Bàbá kó aṣọ lọ ilé ọkọ. Tèmi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì; ọkọ nìkan ló kù.

Lọ́dún tó kọjá, òjò ba oògùn jẹ́ nínú páálí. Lọ́dún yìí, Nọ́ọ̀sì Eulália kó oògùn tuntun sínú mẹ́ta lára àpótí náà. Wọ́n gbé wọn dé ilé ìkẹ́rùsí ìjọba tó wà nítòsí ilé Bàbá fún òǹtẹ̀. Ọ̀gá Belarmino tó ń ṣọ́ ibẹ̀ rí lẹ́tà ofeefee, ó fò gba ojú fèrèsé jáde; bàtà ẹsẹ̀ kan ló bá a délẹ̀. Wọ́n so okùn pupa yí àpótí ká, wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn tó ń hú bọ́ǹbù.

Bàbá lọ bá Belarmino. "Ọ̀gá mi, èmi ni mo tún wọn ṣe. Ẹ jẹ́ kí n ṣí i."

"Bàbá, ṣé ẹ níwèé ẹ̀rí?"

Nọ́ọ̀sì na ìwé oògùn sí i.

"Ìwé? Tó bá bú gbàù, ṣé ìwé ló máa dì mí mú?"

Oṣù mẹ́rin rèé, àwọn tó ń hú bọ́ǹbù ò tíì dé. Irú bọ́ǹbù wo lèèyàn ń jẹun ọ̀sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin? Ọ̀gá ń sá kóòtù sórí okùn yẹn. Adìyẹ rẹ̀ ti yé ẹyin mẹ́sàn-án lórí àpótí kan. Nígbà tí ibà gbé Bàbá dè, mo bu omi fún un. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, lọ bẹ adìyẹ yẹn kó bá mi ṣí i. Òun nìkan ni ò níwèé tó tún ráyè débẹ̀."

Ọjọ́ kẹta, ó kú. Alákòóso ìlú wá síbi ìsìnkú, ó pè é ní akọni. Ẹ ṣeun o. Akọni tí ẹ fi okùn mítà mẹ́wàá pa.

Lópin oṣù yìí, ọjọ́ tí wọ́n kọ sára oògùn náà máa pé, kò ní í wúlò mọ́. Láàárọ̀ yìí, mo lọ láti ilé dé ilé: ọmọ mọ́kànlélógún ni ibà dá dúbúlẹ̀. Alákòóso, ẹ gba "akọni" yín padà, a ò fẹ́ oríkì. Ẹ dárúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n so okùn yẹn. Kó wá kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Domingas lójú gbogbo wa. Kí ẹ sì ṣí àpótí kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ jìnnà síbẹ̀. Ìyá Domingas á gé okùn. Èmi á ṣí ìkọ́.