Ẹ Má Tíì Dúpẹ́

Kì í ṣe iṣẹ́ ló ń rẹ Mìsítúrà. Ó fẹ́ràn kíláàsì, ó sì fẹ́ràn àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Peckham nílùú ọba. Ohun tó ń rẹ̀ ẹ́ ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń sọ lọ́dọọdún, tó sì dà bíi pé òun nìkan ló ń rí i.

Oríṣi méjì ni ìdánwò sáyẹ́ǹsì GCSE, ìdánwò àṣejáde girama níbẹ̀. Ọmọ tó bá ṣe Higher lè gba máàkì títí dé mẹ́sàn-án, tó ga jù. Èyí tó bá ṣe Foundation, bó ti wù kó mọ̀wé tó, márùn-ún ni òpin tirẹ̀, ọ̀nà àtidi dókítà tàbí ẹnjiníà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí mọ́ ọn nìyẹn. Tí wọ́n bá sì ti pín àwọn ọmọ, àwọn ọmọ dúdú ló máa ń pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n tì sí Foundation. Mìsítúrà á sọ ọ́ nípàdé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á mi orí, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ pàtàkì ni. Ọdún á tún yí po.

Lọ́dún yìí, Àìṣát wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ tì sí Foundation, ọmọ Alhaji Làtíìfù tó ń ta ẹja ní Rye Lane. Ní ọjọ́ Sátidé, tí ilé kéwú bá ti tú, Mìsítúrà máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní yàrá ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Níbẹ̀, ìbéèrè kì í tán lẹ́nu Àìṣát. Ní ilé ìwé, kì í sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá pè é, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Bernice, òyìnbó tó jẹ́ olórí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, ti sọ fún bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé àwọn òbí pé Foundation ló máa rọ ọmọ náà lọ́rùn. Bàbá sì dúpẹ́.

"Ẹ dúpẹ́ kẹ̀?" Mìsítúrà bi í ní ṣọ́ọ̀bù, bí bàbá náà ti ń gé ẹja títù fún oníbàárà kan.

"Aunty, ṣé kí n bá tíṣà jà ni? Mo tiẹ̀ ní kí wọ́n nà án dáadáa tí kò bá kàwé."

"Ẹ ní kí òyìnbó na ọmọ?"

"Ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mò ń ṣeré."

Oníbàárà náà bú sẹ́rìn-ín. Mìsítúrà rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé inú. Òbí mélòó ló ti dúpẹ́ báyìí? Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn dàgbà nìyẹn: ọmọ tó bá ti wọ ilé ìwé, ó di ti tíṣà, òbí kì í sì í bá tíṣà jiyàn. Àwọn òbí òyìnbó kì í yára dúpẹ́. Wọ́n á bèèrè, wọ́n á tún padà wá bèèrè, títí ọmọ wọn á fi wọ Higher.

Mìsítúrà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ márùn-ún àti mẹ́sàn-án fún un. Làtíìfù gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Tíṣà yẹn kò sọ ìyẹn fún mi."

"Ẹ ò bi í ni. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa kó wọn lọ sí kíláàsì tuntun. Ẹ wá sí ilé ìwé ní Ọjọ́bọ̀. Mi ò ní lè gbè yín lẹ́sẹ̀ o, ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé ni mo máa jókòó sí. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Kó tó dáhùn, ẹ má tíì dúpẹ́."

"Èmi tí mo ti ní ó dáa? Ṣé kí àgbà bíi tèmi wá kó ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ ni?"

"Ohun tí mo wí gan-an nìyẹn, Alhaji."

Ní Ọjọ́bọ̀, Làtíìfù dé pẹ̀lú Àìṣát, ó wọ jalamíà tó fi ń lọ kírun Jímọ̀, ó sì gbé ọ̀rá ẹja kan fún Bernice. Bernice wo ẹja, ó wo Mìsítúrà. Mìsítúrà ń wo tábìlì.

"Thank you, ma," ni Làtíìfù fi bẹ̀rẹ̀. Mìsítúrà ti mọ ibi tí èyí máa ń parí sí.

Bernice tún ṣàlàyé rẹ̀ jẹ́jẹ́: Foundation kò ní ni ọmọ náà lára, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Làtíìfù tẹ́tí sí i títí ó fi parí.

"Níjọ́sí, mo ní ó dáa," ló wá sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, díẹ̀díẹ̀. "Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi nígbà yẹn. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Higher ni mo fẹ́."

"Ó lè fìdí rẹmi níbẹ̀."

"Tó bá fìdí rẹmi, òun ló ṣe é. Ti Foundation yìí, àwa la ti bá a fìdí rẹmi kó tó jókòó ṣe ìdánwò."

Bernice bi Àìṣát léèrè ohun tó fẹ́. Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀ ná.

"Higher, Miss."

Bernice mí kanlẹ̀. Ó ní kó dúró sí Higher títí di ìdánwò ìgbaradì oṣù kìn-ín-ní. Tí kò bá ṣe dáadáa, àwọn á gbé e kúrò. Làtíìfù wo Mìsítúrà bí ẹni ń gbàṣẹ. Mìsítúrà mi orí. Bàbá Àìṣát wá dúpẹ́.

Ní ibùdókọ̀, Làtíìfù bi Mìsítúrà pé, "Aunty, ọdọọdún lẹ ń ṣe èyí?"

"Ọdọọdún. Ó ku ti Nasrullah, òun náà wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ tì sí Foundation. Mo ti pe bàbá rẹ̀ títí, ó ní tíṣà ló mọ̀."

"Bàbá Nasrullah? Àwa méjèèjì la jọ ń kírun. Ẹ lọ sinmi, èmi á sọ fún un."

"Ẹ má gbàgbé láti sọ pé..."

"Pé kó má tíì dúpẹ́. Mo ti gbọ́."

Bọ́ọ̀sì dé. Mìsítúrà rí àyè jókòó lókè, ó bọ́ bàtà. Oṣù kìn-ín-ní kò jìnnà mọ́, Sátidé yìí ló sì yẹ kí òun àti Àìṣát tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ iná mànàmáná láti ìpìlẹ̀. Kí bọ́ọ̀sì tó jáde ní Rye Lane, ó ti sùn lọ.