Òróró Lórí Egungun Ìyẹ́

Òórùn résìnì, oje tí a fi ń mú fáíbà le, kì í kúrò lára èèyàn bọ̀rọ̀. O lè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí o fi kànìnkànìn ha ọwọ́ títí yóò fi pọ́n, bí o bá ti gbé òkèlè súnmọ́ ẹnu, wàá tún gbọ́ ọ. Inú gáréèjì kan ní Barnawa, ní Kaduna, ni òórùn yẹn ti wọ̀ mí lára jù, gáréèjì tí bàbá ọ̀rẹ́ mi máa ń gbé Píjó wọn sí kí wọ́n tó di olóògbé. Ọ́ìlì ọkọ̀ àtijọ́ ṣì ń rùn nínú sìmẹ́ńtì ilẹ̀ ibẹ̀, ewé máńgòrò ń jábọ́ sẹ́nu ọ̀nà, òórùn résìnì wá gun orí gbogbo rẹ̀. Títí dòní, bí mo bá ṣí gálọ́ọ̀nù tuntun ní ṣọ́ọ̀bù mi, gáréèjì yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ rí.

Inú ọgbà kan náà ní Doka ni wọ́n ti bí èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí. Ìlọrin ni àwọn òbí mi ti wá, Mùsùlùmí ni wá. Ìyá tirẹ̀, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì gidi ni wọ́n. Nígbà wàhálà ẹ̀sìn, wọ́n kó kọjá odò Kaduna lọ sí Barnawa bí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ṣe kó lọ, àwa dúró sí Doka, ṣùgbọ́n odò yẹn kò lè yà wá. Lọ́dún Kérésì, èmi ni mo máa ń fọ́ egungun adìẹ wọn. Lọ́dún Iléyá, òun ló máa ń jẹ ẹ̀dọ̀ àgbò wa. Ìwé ló yà wá. Kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti dúró, tí mo lọ kọ́ iṣẹ́ fáíbà ní ọjà Panteka: bọ́ńpà ọkọ̀, táǹkì omi, mọ́dígáàdì ọ̀kadà, ohun tó bá ṣáà ti fọ́. Òun kàwé lọ ní tirẹ̀, ó di ẹni tí ń tún bàálù ṣe. Nígbà tí a ti di géńdé, ó padà wálé pẹ̀lú ìdì àwòrán lábẹ́ abíyá, ó ní òun fẹ́ ṣe bàálù elérò méjì nínú gáréèjì bàbá òun.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. “Haba, Ẹńjíníà! Ṣé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ò tó ọ gùn ni?”

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Kì í ṣe irin. Fáíbà ni. Fóòmù nínú, fáíbà lẹ́yìn, résìnì ló so wọ́n pọ̀. Bàbá Fáíbà, láìsí ọwọ́ rẹ, àwòrán lásán ni èyí.”

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Barnawa ní gbogbo Sátidé nìyẹn, àti àwọn ìrọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ bá dá. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. A máa ń fi wáyà gbígbóná gé fóòmù, á sì máa là bí ìgbà tí ọ̀bẹ ń la wàrà. Orí òṣùwọ̀n kékeré tí Màmá ọ̀rẹ́ mi fi ń wọn ìyẹ̀fun la ti ń wọn résìnì. Lásìkò ọyẹ́, tí résìnì bá kọ̀ tí kò gbẹ, a máa ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, a ó tan gílóòbù sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́jú òròmọdìyẹ. Bó bá gbẹ tán, èmi ni mo máa ń fi owó ẹyọ kan kàn án káàkiri. Ibi tó bá mú dáadáa yóò dún kọ́, kọ́. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀ yóò dún bù, bí ẹni tó ń lu ìrọ̀rí. Ọ̀rẹ́ mi kò ní etí yẹn. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́.

Nígbà tó yá, àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tíṣà àdúgbò, àwọn ọ̀gá tó gbé mọ́tò wá láti òdìkejì odò. “Ẹńjíníà! Sannu da aiki! Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹńjíníà!” Wọn á gba orí mi kọjá níbi tí mo ti kúnlẹ̀ tí mò ń fi sáńpépà ha nǹkan. Bàbá kan tilẹ̀ ní kí n lọ bu omi tútù wá fún òun. Ẹnìkan wá ya fídíò, fídíò náà sì rìn láti fóònù dé fóònù títí ó fi dé Ungwan Dosa, lọ́wọ́ ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì níwájú mi.

“Ìwọ wá dà níbẹ̀?”

“Ọwọ́ yẹn,” mo ní. Òótọ́ ni, ọwọ́ mi nìkan ló hàn, nínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà funfun, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun résìnì.

“Ọwọ́ yẹn? Wallahi, mo rò pé dókítà ni!”

Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín mi. Nígbà tí mo délé, ìyá mi náà ti rí fídíò náà. Wọ́n ní, “Wo ọmọ tí ẹ jọ ń fi ẹrẹ̀ ṣeré. Allah ló ń gbé e ga yẹn.” Wọn kò fi bú mi. Èyí gan-an ló dùn mí jù.

Kí n sọ bó ṣe rí: ọ̀rẹ́ mi kò ṣẹ̀ mí. Gbogbo àlejò tó bá wá ló ń nawọ́ sí mi fún, á ní, “Ẹ bi Bàbá Fáíbà, òun ló mọ̀ ọ́n.” Wọn kò bi mí ni. Ṣùgbọ́n owú kò dúró de kí wọ́n ṣẹ èèyàn. Bí résìnì tí a ti po pọ̀ ló rí. Bí o bá wò ó nínú agolo, o ò ní rí ìyàtọ̀ kankan lójú rẹ̀, àfi kí o gbé ọwọ́ lé ara agolo náà, ó ti ń gbóná.

Ọ̀sán Sátidé kan ni ó ṣẹlẹ̀. A ti parí ìsàlẹ̀ ìyẹ́ àkọ́kọ́ àti egungun méje tó dábùú inú rẹ̀; awọ òkè ló kù, tí a ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ orí egungun wọ̀nyẹn. Ohun tó di ìyẹ́ bàálù mú kò ju gọ́ọ̀mù yẹn lọ. Mo ti ha orí wọn, mo ti fi aṣọ funfun àti tínà tí ń pa ọ̀rá rẹ́ nù wọ́n títí aṣọ náà kò fi dọ̀tí mọ́. Nínú iṣẹ́ wa, bí o bá ti nù ún báyìí, o ò gbọdọ̀ fi ìka lásán kàn án mọ́. Òógùn ọwọ́ nìkan tó láti má jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú. Ọ̀rẹ́ mi ti sáré jáde lọ ra epo jẹnẹrétọ̀. Màmá rẹ̀ wọlé, àwọn obìnrin mẹ́rin tẹ̀lé wọn láti ìpàdé àdúrà.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Àlùfáà mi.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń fi mí ṣeré. “Ṣé a lè gbàdúrà sí i kí ẹ tó dé e?”

“Ẹ gbàdúrà, Màmá.”

Mo rò pé àdúrà ẹnu ni. Wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́, lẹ́yìn náà ni Màmá yọ ìgò òróró ólífì kékeré kan nínú báàgì wọn. Wọ́n dà á sí àtàǹpàkò, wọ́n sì fi ya àgbélébùú sórí egungun kìíní. “Ọmọ mi kò ní já bọ́.” Àwọn obìnrin ní, “Àmín.” Wọ́n bọ́ sórí ìkejì. “Ọmọ mi kò ní já bọ́.” Wọ́n rọra ń lọ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi dé ìkeje, pẹ̀lú ojú tí omi kún.

Mo dúró síbẹ̀. Aṣọ tí mo rẹ sínú tínà wà lọ́wọ́ mi. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ: Màmá, ẹ má bínú, òróró kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú. Wọn ì bá rẹ́rìn-ín, wọn ì bá ní “Yé, ọmọ mi, mi ò mọ̀.” Àní lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, ìṣẹ́jú márùn-ún ì bá tó mi láti nù ún. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé Mùsùlùmí ni mí. Nínú Kaduna tí a wà yìí, ta ló fẹ́ gbọ́ pé Mùsùlùmí ní òróró àwọn onígbàgbọ́ ń ba nǹkan jẹ́? Ọ̀rọ̀ náà dára lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ohun tó wà nínú mi gan-an ni: jẹ́ kí Ẹńjíníà fi ìwé rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rẹ́ mi wọlé pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù epo. “Ṣé o ti nù ún tán?”

“Mo ti nù ún.”

Irọ́ kọ́ ni lẹ́nu. A po gọ́ọ̀mù, a tò ó sórí egungun, a gbé awọ òkè lé e, a fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. O lè bi mí bóyá mo fẹ́ kó kú. Rárá o. N kò rò ó dé ojú ọ̀run, ibi tí bàálù ti ń fò. Ibi tí mo rò ó dé kò ju ojú àwọn àlejò lọ, nígbà tí nǹkan náà bá bàjẹ́, tí wọ́n á wá yíjú sí mi láti béèrè. Nígbà tó gbẹ, mo fi owó ẹyọ kàn án. Lórí egungun, níbi tó yẹ kó le jù, bù ni ó dún. Bù, bù, láti ìkíní dé ìkeje. Ọ̀rẹ́ mi kígbe láti inú ilé: “Ó ń dún dáadáa?” Mo ní ó ń dún.

Kí ìyẹ́ tó gbé èèyàn, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán an wò nílẹ̀. A dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí àga igi gíga méjì, a wá ń kó àpò ìrẹsì tí a rọ yanrìn odò sí lé e lórí, láti wò ó bóyá yóò tẹ̀ tàbí yóò ṣẹ́. Mo gbé àpò kìíní, mo ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kó mú, kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Mo gbé ìkẹta, mo gbé ìkẹfà. Màmá jókòó sí faránda, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Ní orí àpò kẹsàn-án ni mo gbọ́ ohùn kan nínú ìyẹ́ náà, ohùn kékeré, bí ẹni rún kúlíkúlí.

“Kí nìyẹn?” ni ọ̀rẹ́ mi wí. Kí n tó mí, ó ti mú tọ́ọ̀ṣì, ó ti fi ẹ̀yìn wọ́ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, gbogbo yanrìn yẹn lókè àyà rẹ̀.

N kò mọ ìgbà tí mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mo fà á bí ẹni fa ẹran tó já sínú kànga. “Jáde! Jáde kúrò níbẹ̀!”

Ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó. Ó dìde, ó ń mí gúlegúle. “Ṣé orí rẹ pé ṣá?”

“Òróró ni,” mo ní. “Màmá fi òróró yàmì sórí egungun. Mo wà níbẹ̀.”

“O rí i?”

“Mo rí i.”

“O sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.”

Ó ní kí n gbé àpò tó kù. A gbé ọ̀kan sí i, a sì sá sẹ́yìn. Awọ náà ya kúrò lára egungun pẹ̀lú ìró tó lé ẹyẹ kúrò lórí máńgòrò. Nígbà tí a kó yanrìn kúrò tí a yí i padà, gọ́ọ̀mù ti gbẹ dáadáa, ṣùgbọ́n kò mú. Àgbélébùú méje ló wà lójú rẹ̀, tí ń dán bí dígí, ìlà àtàǹpàkò Màmá sì hàn nínú wọn kedere.

Màmá ké láti faránda: “Kí ló dún yẹn o?”

“Kò sí nǹkan, Màmá,” ni ọmọ wọn dáhùn. “À ń dán an wò ni. Ó dáa ká rí i nílẹ̀.”

“Mo sọ fún yín! Òróró yẹn kì í jáni kulẹ̀!”

Ó jókòó sórí àpò yanrìn kan. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. “Màmá ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ láé. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ọwọ́ wọn ni ì bá pa mí, wọn ò ní sùn mọ́.” Mo búra. Ó wá bi mí pé kí ló dé. Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí mi, ó gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu: “Ìwọ? Ìwọ tí o máa ń jẹ egungun Kérésì tán tí o ń béèrè ọbẹ̀?” Nígbà náà ni mo sọ ọ́. “Mo jowú rẹ ni.” Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tí wọ́n sọ iye ọjà fún, ó dìde, ó lọ wẹ ẹ̀yìn rẹ̀.

Kò lé mi. Ó ní kí n wá tún un ṣe. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti nu egungun tán, òun náà á mú aṣọ funfun tirẹ̀, á nù ún tẹ̀lé mi, láìsọ̀rọ̀. Kò pè mí ní Bàbá Fáíbà mọ́. Orúkọ tí wọ́n sọ mí ló fi ń pè mí. Ì bá sàn kó gbá mi létí. Nígbà tí a dé ìyẹ́ náà lẹ́ẹ̀kejì tó gbẹ tán, tó gbé gbogbo àpò yanrìn láìfọhùn, òun fúnra rẹ̀ ló pe Màmá wá láti ta òróró sí i lẹ́yìn, níbi tí òróró kò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Iṣẹ́ ti gbé e lọ sọ́nà jíjìn báyìí. Bàálù náà ṣì wà nínú gáréèjì lábẹ́ tàpólì, ó ń dúró de ẹ́ńjìnnì àti ìwé àṣẹ. Ẹnikẹ́ni kò rán mi, ṣùgbọ́n mo máa ń lọ lóṣooṣù láti gbá eruku rẹ̀. Màmá ti darúgbó. Wọ́n á fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde pẹ̀lú ìgò wọn, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè, nítorí ẹ̀sìn mi: “Àlùfáà mi, ṣé n lè fi kàn ọ́?” Mo máa ń tẹ orí ba. “Ọlọ́run á bùkún ọwọ́ rẹ,” wọ́n á ní. “Ìwọ lo bá mi ṣọ́ ọmọ mi.” Ọ̀rọ̀ á dé ẹnu mi, n óò gbé e mì. Ìdákẹ́ àkọ́kọ́, èmi ni mo yàn án. Èyí tí mo ń dá báyìí, ọ̀rẹ́ mi ló gbé e lé mi lọ́wọ́, mo sì ń rù ú.

N óò wọ kẹ̀kẹ́, n óò kọjá afárá padà sí Doka, òróró á ṣì wà níwájú orí mi. Bí mo bá ń ṣe àlùwàlá fún ìrun Áṣárì, omi máa ń yà kúrò níbẹ̀, bí gọ́ọ̀mù ṣe yà lọ́jọ́sí. N óò dúró. N óò tún bu omi, n óò sì rọra nù ún títí yóò fi mọ́, bó ṣe yẹ kí n ti nù ún lọ́jọ́ náà.