Ọṣẹ Ẹnu Táńkì

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kò sí ẹni tí n kò fojú tín-ín-rín ní Ìkòròdú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì ni, mo ti kúrò lábẹ́ ọ̀gá mi, mo sì ti pa àtíbàbà tèmi sẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gàn mi. Tí wọ́n bá gbé mọ́tò wá pé epo kì í dé inú ẹ́ńjìnì dáadáa, ọkùnrin náà á bu epo sátẹ́lẹwọ́, á tọ́ ọ wò bí ìyàwó ilé tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò, á tutọ́ sílẹ̀, á ní omi ló wọ inú epo. Ọdún mẹ́fà ni mo fi bá a ṣiṣẹ́, kò sí ìgbà kan tí omi kò wọ inú epo. Mo gbà pé mo gbọ́n jù ú lọ, nítorí pé mo mọ nǹkan mẹ́rin tó lè ṣe mọ́tò níbi tí òun ti mọ ẹyọ kan.

Àwọn oníbàárà wá burú ju ọ̀gá mi lọ lójú mi. Àwọn jíìpù tí àwọn ṣọ́jà òyìnbó fi sílẹ̀ lẹ́yìn ogun ṣì wà káàkiri nígbà náà. Wọ́n ti gbó, irin wọn ti dípẹtà, síbẹ̀ àwọn èèyàn wa ń rà wọ́n, nítorí pé mọ́tò tó lè wọ inú yanrìn àti ẹrọ̀fọ̀ ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ kó sì jáde kò pọ̀. Ẹni tí kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn dáadáa á ra jíìpù, á gbé e wá bá mi, á máa pè é ní "ọmọ mi". Tí wọ́n bá ti kẹ̀yìn báyìí, mo máa ń yọ ṣùtì sí wọn.

Èyí tí mo kẹ́gàn jù nínú wọn ni ọkùnrin kan tó ń ta kẹrosíìnì ní Ìtamágà. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré, jíìpù rẹ̀ ló sì fi ń kó tíìnì kẹrosíìnì lọ sáwọn abúlé. Ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì, èyí sì máa ń bí mi nínú. Ó máa ń bi mí ní ìbéèrè bí ọmọ ilé ìwé: kí nìyí, kí nìyẹn ń ṣe, ibo ni epo ń gbà kọjá. Mo máa ń dá a lóhùn bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ọmọ rẹ̀ ni mo lè jẹ́, mo sì ń pè é ní "Bàbá", mo ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀wọ̀ kankan nínú gbogbo rẹ̀.

Abẹ́ àga awakọ̀ ni táńkì epo jíìpù náà wà. Rọ́bà inú ìdérí rẹ̀ ti jẹ, bí jíìpù bá sì ti kó sí kòtò, epo á ta jáde, á rin aṣọ ọkùnrin yìí nídìí. Ó wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní òun kò lè fi aṣọ tó ń rùn fún epo kírun mọ́. Kò sí rọ́bà tuntun nítòsí, ni mo bá ṣe ohun tí gbogbo mẹkáníìkì ìlú wa máa ń ṣe tí táńkì bá ń jò. Mo mú ọṣẹ ìfọṣọ, mo fi omi díẹ̀ pò ó títí ó fi rọ̀ bí ẹ̀bà, nítorí epo mọ́tò kì í yọ́ ọṣẹ, mo sì fi rẹ́ ẹnu táńkì náà yíká. Ihò kékeré kan wà láàárín ìdérí, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Mo ní epo lè gba ibẹ̀ náà ta jáde, mo dí i pa. Mo fi àtàǹpàkò dán an bí ẹni tó ń rẹ́ ògiri. Mo ní kó rọra wà á délé, kó sì jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó tún wà á jáde. Iṣẹ́ náà wù mí débi pé mo pe àwọn aládùúgbò wá wò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ọkùnrin náà gbé jíìpù wá síwájú àtíbàbà mi, kò sì pa iná ẹ́ńjìnì. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní ìyá òun ti kú ní Ẹ̀pẹ́ lóru. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ló gun kẹ̀kẹ́ wá sọ fún un, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ẹni tó lè padà. Gẹ́gẹ́ bí àṣà mùsùlùmí, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n máa sin ín. Nítorí pé òun nìkan lọmọkùnrin tí ìyá náà bí, àwọn àgbà ilé ní àwọn á dúró de òun di ìgbà tí wọ́n bá kírun Alásárì, ìrun ìrọ̀lẹ́, àwọn kò sì ní lè dúró kọjá ìyẹn. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ, nítorí òun kò fọkàn tán jíìpù náà lójú ọ̀nà tó jìn.

Ó ní, "Mi ò bèèrè ju kí n rí ojú ìyá mi lọ, kí wọ́n tó bò ó."

Mo kó sípánà mi, mo gòkè. Mo rántí pé mo rò ó lọ́kàn pé ẹni tó tó àádọ́ta ọdún kò yẹ kó máa sunkún nídìí sítíárìn.

A kò tíì rìn ju máìlì mẹ́rin lọ lẹ́yìn Ìtamágà nígbà tí jíìpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó fà, ó tún fà, ó kú. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìgbéraga ńlá. Ife gíláàsì kékeré kan wà lábẹ́ pọ́ọ̀ǹpù epo, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí máa ń sùn sí. Mo tú u, mo rí ìdọ̀tí díẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo dá a padà, mo fọwọ́ fa pọ́ọ̀ǹpù títí epo fi gòkè. Ó sitáátì. Mo sọ fún un pé ìdọ̀tí ni. Ó ṣàdúrà fún mi.

Lẹ́yìn máìlì márùn-ún mìíràn, ó tún kú. Mo tú páìpù tó ti inú táńkì wá, mo fi ẹnu fẹ́ ẹ, mo dè é padà. Ó sitáátì. Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn: gbogbo ohun tí mo bá ṣe ló ń ṣiṣẹ́. N kò mọ̀ pé ká ní ṣe ni mo jókòó sábẹ́ igi tí mò ń jẹ ẹ̀pà fún àkókò kan náà, á sitáátì bákan náà.

Níbẹ̀ ni ọkùnrin náà ti sún mọ́ mi, ó nu ọwọ́ sára aṣọ rẹ̀.

Ó ní, "Mẹkáníìkì, má bínú o. Tí mo bá fẹ́ da kẹrosíìnì láti inú tíìnì tuntun, ihò kan kì í tó. Àfi kí n lu ìkejì kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé, kó tó dà. Ṣé kì í ṣe pé atẹ́gùn kò wọ táńkì yìí?"

Mo wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbájú mọ́ṣẹ́ mi. Mọ́tò kì í ṣe tíìnì kẹrosíìnì."

Ó ní kí n má bínú, òun kò mọ̀wé mọ́tò. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Èmi ti pe àgbà ní wèrè lọ́kàn mi, mo sì ti padà sídìí pọ́ọ̀ǹpù.

Ìgbà tó kú lẹ́ẹ̀kẹta, oòrùn ti ga. Mo ní ooru ló mú pọ́ọ̀ǹpù tí epo fi ń hó, tó ń di afẹ́fẹ́ nínú páìpù. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, kì í ṣe pé mo ń purọ́. Mo gba aṣọ ìnujú rẹ̀, mo rẹ ẹ́ sínú omi, mo fi wé pọ́ọ̀ǹpù. Bí mo ṣe ń wé e lọ́wọ́, lọ́rì kan dé láti ẹ̀yìn wa, ó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. Dírẹ́bà náà dúró. Nígbà tó gbọ́ ohun tó gbé wa jáde, ó ní kí ọkùnrin náà gòkè wá síwájú lọ́dọ̀ òun, kí èmi máa mú jíìpù bọ̀ lẹ́yìn.

Ọkùnrin náà ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí lọ́rì. Ó yíjú wò mí. Ó bi mí pé kí ni mo rò.

Ìbá rọrùn láti sọ pé kó máa lọ. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé tó bá gòkè, gbogbo Ìtamágà ló máa gbọ́ pé ojú ọ̀nà ni mo ti pa jíìpù tì, pé lọ́rì jákujàku kan ló gbà á lọ́wọ́ mi. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ṣé ẹni tó ní jíìpù ló tún fẹ́ lọ fún ara rẹ̀ mọ́ inú lọ́rì. Mo ní mo ti rí ohun tó ń ṣe é, pé a máa kọjá lọ́rì náà kó tó dé Ìtòìkín. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Dírẹ́bà náà mi orí, ó wa lọ́rì rẹ̀ lọ. A kò kọjá rẹ̀, a kò tilẹ̀ tún rí i mọ́.

Nígbà tó kú lẹ́ẹ̀kẹrin, a ti fi Ìtòìkín sẹ́yìn, àsìkò ìrun Àìlá, ìrun ọ̀sán, sì ti ń lọ. Ọkùnrin náà bu omi sínú agolo, ó lọ sábẹ́ igi láti ṣe àlùwàlá. Gbogbo nǹkan mẹ́rin tí mo mọ̀ ti tán. Mo tú kábúrétọ̀ palẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Mo fa pọ́ọ̀ǹpù, kò fa nǹkan kan. N kò fẹ́ fọwọ́ kan táńkì, kí n má ba iṣẹ́ ọwọ́ mi jẹ́, ṣùgbọ́n ó ku kí n mọ̀ bóyá epo ti tán. Mo gbé àga sókè. Ọṣẹ ti le bí òkúta. Mo fi irin ha á, mo yí ìdérí.

Táńkì náà mí. N kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún un. Atẹ́gùn wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú igbe, ó pẹ́ díẹ̀, ara irin náà tó ti fà wọlé sì ró gbọ̀nmù bó ṣe padà sáyè rẹ̀. Epo kún ju ìdajì lọ. Ihò tó tó ojú abẹ́rẹ́ yẹn ni atẹ́gùn máa ń gbà wọlé kí epo lè ráyè jáde, èmi ni mo sì dí i. Ní gbogbo ìgbà tí a bá dúró, atẹ́gùn díẹ̀ ń yọ́ gba ẹnu páìpù wọlé, ìdí nìyẹn tó fi ń sitáátì.

Mo wẹ̀yìn. Ọkùnrin náà wà ní ìforíkanlẹ̀. Mo yára fi abẹ́rẹ́ la ihò náà, mo ha ọṣẹ tó kù kúrò, mo sọ gbogbo rẹ̀ sínú igbó, mo sì to kábúrétọ̀ padà bí olè tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Nígbà tó kírun tán tó bi mí bóyá mo ti rí i, mo ní awọ inú pọ́ọ̀ǹpù ló ká, mo ti nà án.

Jíìpù náà kò kú mọ́. Láti ibẹ̀ dé Ẹ̀pẹ́, ó ń sáré bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é rí. Ṣùgbọ́n ọṣẹ kò sí lẹ́nu táńkì mọ́, gbogbo kòtò tí a bá kó sí ni epo ń ta jáde, aṣọ funfun tó wọ̀ nítorí ìsìnkú sì tutù nídìí. Mo rí i tó fọwọ́ kan ìdí aṣọ náà. Ó gbọ́ òórùn ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó sì kọjú sọ́nà. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá ó mọ̀.

Wọ́n ti kírun Alásárì nígbà tí a dé. Àwọn ọkùnrin tó gbẹ́ sàréè ń fọ ọwọ́ nídìí àmù, ọkọ́ wọn wà lára ògiri, amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ wọn kò tíì gbẹ. Wọ́n ní àwọn fi díẹ̀ kún àkókò tí àwọn dá, wọ́n ní àwọn rán ènìyàn dé ojú títì lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin náà kò bá wọn jà. Ó rìn dé ibi òkìtì iyẹ̀pẹ̀ náà nínú ọgbà ilé wọn, ó dúró jìnnà sí i díẹ̀ nítorí òórùn aṣọ rẹ̀, títí ẹnìkan fi mú aṣọ mìíràn wá fún un.

Mo fẹ́ sá lọ síbi jíìpù. Gbogbo àwọn tí mo ti kẹ́gàn láyé mi, ọ̀gá mi tó ń tọ́ epo wò, àwọn tó ń pe irin ní ọmọ, kò sí èyí tó ba nǹkan jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó mú mi lọ síwájú àwọn àgbà ilé wọn.

Ó ní, "Ẹ bá mi kí i. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, inú igbó ni ǹ bá sùn lónìí."

Wọ́n kí mi. Wọ́n fún mi ní ìjókòó, wọ́n fún mi lómi. Bàbá arúgbó kan tó jókòó sórí ẹní, ẹ̀gbọ́n olóògbé náà, na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Ó ní ohun tí mo ṣe fún ọmọ wọn yìí, Ọlọ́run kò ní gbàgbé rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tó bá kan ìyá tèmi, wọn kò ní sin ín kí n tó dé.

Mo ní àmín. Etí bàbá náà ti ń di, kò gbọ́. Ó ní kí n sọ ọ́ sókè, mo sì sọ ọ́ sókè.