Bí Súbérù Ṣe Fi Fèrèsé Lé Ìyàwó Rẹ̀ Lọ

Kò sí ẹni tó fi Súbérù ṣe yẹ̀yẹ́ ní Sakété tó Súbérù fúnra rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í bí ilé oúnjẹ rẹ̀ ṣe lókìkí dé Pobè, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, á ní, “Ọgbọ́n mi kọ́ o. Ká ní ọgbọ́n mi la gbẹ́kẹ̀ lé ni, ewúrẹ́ ni ì bá máa sùn níbẹ̀.”

Ilé ìdáná òyìnbó kọmándà kan, aláṣẹ ìjọba Faransé, ní Porto-Novo ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí Dahomey gbòmìnira, tí òyìnbó náà kó ẹrù rẹ̀ lọ, Súbérù kó àwo díẹ̀, àmúga díẹ̀ àti ìgbéraga rẹpẹtẹ padà sí Sakété. Ó kọ́ ilé oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó la fèrèsé gbàràgàdà tó kọjú sí ọ̀nà, kí gbogbo ayé lè máa rí àwọn ọ̀tọ̀kùlú tó ń jẹun. Ọ̀tọ̀kùlú ò wá. Mẹ̀kúnnù náà ò wá. Òórùn ọbẹ̀ á gbá àwọn ọkùnrin nímú, wọ́n á dá itọ́ mì, wọ́n á kí i kú iṣẹ́, wọ́n á sì yára kọjá.

Ohun tí ọmọdé mọ̀ ní Sakété ni Súbérù ti gbàgbé sí Porto-Novo: ọkùnrin tó níyàwó nílé kì í jẹun níta lójú ayé. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á ní ebi ń pa á nílé, ìyàwó rẹ̀ ò mọ ọbẹ̀ sè. Súbérù ní tiẹ̀ rò pé àmúga ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ló bá jókòó sójú fèrèsé fúnra rẹ̀, ó so aṣọ mọ́rùn bíi kọmándà, ó ń jẹ ìrẹsì, ó ń juwọ́ sí àwọn tó ń kọjá, kí wọ́n lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Wọ́n rí i dáadáa. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ọjà ti ń bi Ràúdátù ìyàwó rẹ̀ pé kí ló dé tí kò fún ọkọ lóúnjẹ mọ́. Ojú tì í débi pé ó pọn Mọ́rúfù ọmọ wọn, ó kọrí sílé bàbá rẹ̀ ní Ita-Djèbou.

Súbérù ní obìnrin ò mọ òwò, kò wá a lọ. Òwò sì dé lóòótọ́. Arìnrìn-àjò nìkan ni wọn kì í bá wí tó bá jẹun níta, nítorí náà àwọn tó ń wọkọ̀ bọ̀ láti Pobè ń yà síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ṣàmsídéènì aránṣọ, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà, gbé àpò ìrìn-àjò wọlé. “Porto-Novo ni mò ń lọ o,” ló wí. Ó jẹun yó, ó gbé àpò rẹ̀, ó padà sílé. Kò pẹ́ tí ìdajì ọkùnrin Sakété fi di arìnrìn-àjò lọ́sàn-án. Àwọn ará Pobè rí èrò rẹpẹtẹ, wọ́n ní oúnjẹ ibẹ̀ á mà dùn o, wọ́n sì ń wọkọ̀ wá nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé Súbérù dá páropáro. Àárò Ràúdátù ń sọ ọ́ gidigidi. Ọlọ́gbọ́n wa fi ẹran díndín láti ilé oúnjẹ rẹ̀ ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ sí i. Wọ́n dá abọ́ padà pẹ̀lú ẹran inú rẹ̀.

Níkẹyìn ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ita-Djèbou, ó dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀. Wọ́n ní kó jẹun ná. Ràúdátù gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ilá kalẹ̀, kò wò ó lójú. Súbérù jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́, ó tún tọrọ sí i lójú gbogbo mọ̀lẹ́bí.

“Bàbá Mọ́rúfù,” ni Ràúdátù wí, “ṣé wọn kì í fún yín lóúnjẹ nílé ni?”

Súbérù gbé abọ́ sílẹ̀. Ojú tì í.

“Wọn kì í fún mi,” ló dáhùn, ó sì gbóhùn sókè. “Ebi ń pa mí nílé, Ìyá Mọ́rúfù. Èmi ni mo lé ẹni tó mọ ọbẹ̀ sè.”

Ràúdátù wọlé, ó lọ di ẹrù rẹ̀. Àdéhùn kan ṣoṣo ló bá a ṣe: kò gbọ́dọ̀ jẹun níta mọ́ láé. Láti ọjọ́ náà, alásè tó gbà síṣẹ́ ló ń bá a tọ́ ọbẹ̀ wò. Bí oníbàárà bá sì bi í bóyá ọbẹ̀ tòní dùn, Súbérù á la ojú sí i.

“Èmi? Èmi tí mo níyàwó nílé?”