Gbádégẹṣin àti Omi Inú Kàlẹ́ńdà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ojú mi ló ṣe. Láti Palmgrove dé etí ọ̀sà ní Bàrígà, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ ìtẹ̀wé tó mi. N kò jókòó ní kíláàsì rí. Ara pépà tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, ojú ewé kan níhìn-ín, mẹ́rin lọ́hùn-ún, títí mo fi di ẹni tí àwọn lọ́yà ń wá bi léèrè ọ̀rọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi Gbádégẹṣin ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀rọ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó di ọdún kejìlélógún tó ti ń tẹ kàlẹ́ńdà kan náà fún oníbàárà kan náà ní Ṣómólú, tí àwòrán omi tó ń já láti orí àpáta nínú igbó kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà máa ń wà lórí rẹ̀. Lọ́dọọdún, oníbàárà a ní omi náà kò búlúù tó. Gbádégẹṣin a bi mí pé, "Bàbá Adébọ̀dé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ṣé bó ṣe búlúù tó nìyí?"

Èmi a ní, "Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo débẹ̀. Bí aró ni."

Lóṣù kejì ọdún yìí, dókítà sọ fún un pé ojú rẹ̀ ọ̀tún ti lọ, pé òsì náà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò lè pé ọdún. Kò sunkún. Ohun tó kàn sọ ni pé, "Mo fẹ́ lọ wo omi yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ tán, àbí? Èmi àti òun, mọ́tò, bàtà tó dáa. Ká lọ láàárọ̀, ká rìn wọ igbó, ká padà. Ṣùgbọ́n Fadékẹ́ tó ń di ìwé ní ìsàlẹ̀ ilé wa gbọ́, ó ní òun ń lọ. Ràmọ́nù tó ń gé pépà gbọ́, ó ní kí ló dé tí a fẹ́ yọ òun sílẹ̀. Kí oṣù tó parí, ìgbìmọ̀ ti dìde. Ìpàdé mẹ́fà! Kí àdúrà Kìrìsìtẹ́nì àti ti Mùsùlùmí tó parí, oòrùn ti mú. Fadékẹ́ ní a gbọ́dọ̀ gbé kúlà ìrẹsì dání.

"Ta ni yóò gbé kúlà gun òkè?" ni mo bi í.

"Kí wá ni iṣẹ́ ẹ̀yin ọkùnrin?"

Ràmọ́nù ní ká tẹ ìwé ètò, ká kọ orúkọ alága àti ìyá ọjọ́ sí i.

"Ràmọ́nù, igbó là ń lọ. Ta ni alága fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ọ̀bọ?"

"Bàbá, ẹ má bínú. Ọ̀bọ náà lè pàtẹ́wọ́."

Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ. Mo ní òkúta ibẹ̀ ń yọ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọ sálúbàtà. Èmi gan-an ra bàtà òjò tuntun. Wọ́n ń mi orí, ẹran inú ìrẹsì ni wọ́n ń rò.

Ẹ wá wo ti tíkẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀sì tí a háyà gba èèyàn méjìdínlógún. A ní kí Gbádégẹṣin tẹ méjìdínlógún lórí ẹ̀rọ kékeré tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kò sí òǹtẹ̀wé tó ń tẹ iye tí ẹ bá dá fún un gan-an. A máa ń fi díẹ̀ kún un nítorí èyí tí yóò bàjẹ́. Ó tẹ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Àfi bí ọ̀kan ò ṣe bàjẹ́! Ọwọ́ ọ̀gá ni. Ràmọ́nù gé etí wọn, ó sì pín gbogbo rẹ̀ títí dé Bàrígà, torí bí a ti ń ṣe fún oníbàárà nìyẹn: àfikún, tirẹ̀ ni.

Láàárọ̀ Sátidé, èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n dúró lẹ́nu bọ́ọ̀sì, kálukú mú tíkẹ́ẹ̀tì dání. Nọ́ńbà ò sí lára ọ̀kankan. Dírẹ́bà ní bí ẹnì kan bá fi lé, òun ò ní ṣíná.

"Ṣé tèmi wá ni ayédèrú?" "Ẹ̀yin lẹ fún mi o!" Ariwo gba àdúgbò.

Gbádégẹṣin ní kí kálukú mú tirẹ̀ wá. Ó ń gbé wọn súnmọ́ ojú òsì, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pépà. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fi yíǹkì sẹ́rọ," ó ní. "Àwọn tó kọ́kọ́ jáde dúdú. Àwọn tó ṣá ni àfikún." Ó yọ èèyàn méje. Wọ́n kùn, ṣùgbọ́n wọ́n lọ.

Ó ku ẹnì kan. Gbádégẹṣin yọ tirẹ̀ nínú àpò, ó gbé e sójú. Mo mọ̀ kó tó sọ. Òǹtẹ̀wé kì í mú kí oníbàárà tó mú. Èyí tó jáde kẹ́yìn ló fi ṣe tirẹ̀.

"Tèmi ló ṣá jù," ó ní, ó sì yí padà sọ́nà ilé.

"Ṣé orí ẹ pé?" mo pariwo. "Torí ta la ṣe ń lọ?"

"Mo ti lé àwọn méje lọ, Bàbá. Ojú wo ni máa fi wọkọ̀?"

Fadékẹ́ wò mí láti orí kúlà tó jókòó lé. "Bàbá Adébọ̀dé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀meje, kí lẹ tún fẹ́ lọ wò?"

"Èmi ni mo mọ ọ̀nà!"

"Àwọn ọmọ ibẹ̀ á mú wa lọ."

"Lẹ́ẹ̀meje, Bàbá!" Ràmọ́nù gbè é lẹ́sẹ̀. "Omi yẹn ti mọ̀ yín lójú!"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo wo ẹsẹ̀ Gbádégẹṣin. Sálúbàtà! Lẹ́yìn ìpàdé mẹ́fà! Mo bọ́ bàtà òjò mi, mo jù ú sí i, mo ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà rẹ̀, mo fi rìn relé, mo ń bú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó gbé bàtà mi dé nínú ọ̀rá, ẹrẹ̀ gbogbo ara rẹ̀.

"Omi náà ńkọ́?" mo bi í.

"Funfun ni, Bàbá Adébọ̀dé. Funfun báláú. Kò sí búlúù kankan níbẹ̀." Ó fi ojú òsì yẹn wò mí títí mo fi ń wá nǹkan lábẹ́ tábìlì.

"Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń búlúù," mo ní.

"Ẹ ṣeun fún bàtà," ó ní.

Nígbà tó tẹ kàlẹ́ńdà tuntun, kò fi yíǹkì kan ibi tí omi wà rárá. Pépà lásán ló fi sílẹ̀, tí ewé igbó wá yí i ká. Oníbàárà gbé e, ó fajú ro: "Búlúù dà?"

Gbádégẹṣin fẹ́ fọhùn. Mo dá a lẹ́kun.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," mo ní. "Èmi tí mo ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ, funfun ni."